Okùn Tó Gbé Ìròyìn Dé Ojúlé Kẹrìnlélógún

"Ọgbọ̀n ilé ti dáhùn," ni Olùròyìn wí láti ara ògiri. "Ó ku ilé kan."

Ìbídùnní ń fi aṣọ tútù nu orí tábìlì àwọn ọmọ. Kò gbójú sókè. Ó mọ ilé tó kù. Ọjọ́ kẹfà rèé tí iná kékeré kan ti ń pọ́n lára pátákó ẹ̀rọ náà, láàárín ọgbọ̀n iná tó tutù bí ewé, bí ìgbà tí ata rodo kan bá já sínú ìṣasùn ẹ̀fọ́. Ojúlé kẹrìnlélógún, ìsàlẹ̀ òkè.

"Ṣé kí n tún un rán?" ni ẹ̀rọ náà bi í.

"Tún un rán."

Ohùn Olùròyìn jẹ́ ohùn ẹni tí kò rẹ̀ rí. Ó tún gbogbo rẹ̀ sọ láti ìbẹ̀rẹ̀. "Lónìí ní Kíláàsì Kẹta, àwọn ọmọ wo ẹ̀wà tí wọ́n gbìn sínú òwú tútù, ó ti hù. Wọ́n ka mẹ́rin lọ́nà mẹ́ta. Iṣẹ́ àṣetiléwá wọn nìyí: kí ọmọ kọ̀ọ̀kan bi àgbà ilé bí omi ṣe dé ilé tí ìdílé ń gbé kí wọ́n tó gun òkè wá. Àgbà ilé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ohun kan tí ọmọ yín ṣe lónìí, kí ẹ sì bi wá ní ìbéèrè kan."

Ìbídùnní mọ̀ pé bí ẹ̀rọ náà ṣe ń sọ̀rọ̀ níhìn-ín ni Etí-Ilé, àpótí kékeré tó wà lára férémù ilẹ̀kùn gbogbo ilé, ń sọ ọ́ lọ́hùn-ún. Ó dúró, aṣọ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń kán omi sórí bàtà rẹ̀. Kò sí èsì. Iná náà ń pọ́n lọ.

Ọ̀gá Adéwùsì, olórí iléèwé, yọjú lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú agbòjò tí kì í fi sílẹ̀ nínú ẹ̀ẹ̀rùn tàbí nínú òjò. "Tíṣà Ìbídùnní, o ti rí iná yẹn?"

"Mo ti rí i, sà."

"Ọ̀la ló pé méje. Bí oòrùn ọ̀la bá wọ̀ tí kò tíì yí àwọ̀, ọkọ̀ Ilé Àgbàtọ́ á dé ní àárọ̀ ọjọ́ kejì. Wọn kì í pẹ́. Wọ́n á kó aṣọ ọmọ, wọ́n á kó ìwé ọmọ, wọ́n á mú ọmọ."

"Ṣùgbọ́n Ẹniayéwù ní ilé, sà. Ìyá rẹ̀ àgbà, Màmá Àwẹ̀ró, wà níbẹ̀. Ojú òkun ni àwọn òbí rẹ̀ wà, níbi tí wọ́n ti ń tún òpó afẹ́fẹ́ tó ń fún wa níná ṣe. Wọ́n á padà wálé tí ọyẹ́ bá dé."

"Òfin ò bèèrè bóyá ilé wà. Ó bèèrè bóyá ilé mọ ohun tí ọmọ ń ṣe." Ọ̀gá Adéwùsì fi ìdí agbòjò rẹ̀ kan ilẹ̀ díẹ̀díẹ̀. "Má sì rò pé mo kórìíra òfin yẹn. Èmi fúnra mi dìbò fún un. Lẹ́yìn tí omi gba ìlú wa, àwọn ọmọ wà tí ẹnikẹ́ni ò mọ ibi tí wọ́n ń sùn, ká má tíì sọ ti ohun tí wọ́n ń kọ́. Òfin rere ni."

"Ṣé mo lè lọ jẹ́rìí fún ilé náà?"

"O lè lọ. Tíṣà lẹ́tọ̀ọ́ láti gbé ọwọ́ lé Etí-Ilé kó sì sọ ohun tó rí. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tó bá ń parọ́ a máa làágùn, ẹ̀rọ yẹn sì mọ òógùn yàtọ̀ sí omi. Rántí tíṣà òkè kejì."

"Wọ́n ní adìyẹ ló ń sìn báyìí."

"Ó sì ń sìn wọ́n dáadáa. Adìyẹ nìkan ni kò kọ̀wé dá a dúró." Ó yí padà, ó ń lọ. "Oṣù mẹ́ta péré lo ṣe níbí. Má fi ọwọ́ rẹ ṣòfò."

Nígbà tí ohùn bàtà rẹ̀ ti jìnnà, àga kan dún lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù ìwé. Ẹniayéwù ló jáde síta, ọmọ ọdún mẹ́jọ, pẹ́ńsù lẹ́nu. Ó ti jẹ ìdí pẹ́ńsù náà títí ó fi dà bí ìgbálẹ̀.

"Àǹtí," ló ní, "ẹ má sọ fún wọn."

"Kí ni kí n má sọ? Èmi náà ò mọ nǹkan kan. Ṣé Màmá Àwẹ̀ró ń bínú sí wa ni?"

Ọmọ náà wo Olùròyìn, ó sì sún mọ́ Ìbídùnní kó lè sọ̀rọ̀ sí i létí. "Etí wọn ti dí. Láti ìgbà ibà ọyẹ́ tó kọjá. Wọ́n fún wọn ní etí àtọwọ́dá nílé ìwòsàn, Màmá ní ńṣe ló ń hó bí òkun. Inú àpótí ló wà."

"Báwo wá ni Màmá ṣe ń dáhùn tẹ́lẹ̀?"

"Èmi ni. Mo máa dúró lẹ́yìn ẹ̀rọ, màá wá ṣe báyìí." Ó fi ìka ya kòkòrò lójú afẹ́fẹ́, ó fi àtẹ́lẹwọ́ ṣe ìwé tó ń ṣí. "Ìgbà náà ni Màmá á wá sọ ọ́ jáde. Ṣùgbọ́n wọ́n ti tún ọpọlọ ẹ̀rọ náà ṣe. Ó ti lójú báyìí. Bó bá ti rí mi, á ní kí ọmọdé kúrò níwájú àgbà."

Ìbídùnní jókòó sórí tábìlì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ nù. "Kí ló dé tí ẹ ò fi sọ fún Àjọ tó ń ṣètò Etí-Ilé?"

"Wọ́n á kọ wá sínú ìwé pé ilé tí kò lè gbọ́ ni wá. Ọmọ ilé tí kò lè gbọ́, ibo ni wọ́n ń mú un lọ?"

Àwọn méjèèjì mọ ibẹ̀.

"Ṣé Màmá lè kàwé? Ìwé máa ń hàn lójú ẹ̀rọ náà."

"Rárá. Ṣùgbọ́n wọ́n lè ka okùn."

"Okùn báwo?"

"Okùn tí nǹkan wà lára rẹ̀. Àrokò. Bàbá Màmá a máa so ó mọ́ imú ọkọ̀ ojú omi, kí ọkọ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè mọ ibi tí ẹja pọ̀ sí. Bí mo bá wà lóko ewé ẹní tí ebi ń pa mí, síbí ni mo máa ń so ránṣẹ́ sílé." Ó rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà. "Nígbà kan mo so síbí mẹ́ta, Màmá so igi ìgbálẹ̀ kan padà fún mi."

Gbogbo ohun tí Ìbídùnní mọ̀ nípa àrokò kò ju ìlà mẹ́fà lọ nínú ìwé ìtàn Kíláàsì Karùn-ún. Ìyẹn kò dá a dúró. Ó ṣí àpótí iṣẹ́ ọwọ́, ó fa okùn òwú funfun kan jáde, àwọn méjèèjì sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbi tí ojú Olùròyìn kò dé.

Wọ́n mú ẹ̀wà kan tó ti hù láti inú ife Ẹniayéwù, wọ́n fi òwú tútù wé e, wọ́n so ó. Lẹ́yìn rẹ̀ wọ́n ta kókó mẹ́rin, wọ́n fi àyè sílẹ̀, wọ́n ta mẹ́rin, wọ́n fi àyè sílẹ̀, wọ́n ta mẹ́rin. Iṣẹ́ àṣetiléwá ló gba ọgbọ́n. Ìbídùnní gé páálí sí ilé kékeré kan tó ní ilẹ̀kùn, ó sì so ìlẹ̀kẹ̀ búlúù kan sítòsí ilẹ̀kùn náà.

"Omi nìyẹn," ni Ẹniayéwù wí.

"Omi ni. Ó ku ìkíni. N ò lè wọ ilé àgbà kí n má kí i."

Ó wá ìsàlẹ̀ báàgì rẹ̀ títí ó fi rí owó ẹyọ méjì tó já lára okùn irun ìyá rẹ̀ nígbà kan. Wọ́n ti gé ẹ̀yìn wọn kúrò kí okùn lè gbà á kọjá, ẹ̀yìn náà sì tẹ́ pẹrẹsẹ. Ó fi ẹ̀yìn ọ̀kan ti ẹ̀yìn èkejì kí ojú wọn tó rẹwà lè hàn síta, ó sì so wọ́n pọ̀ lórí okùn náà.

"Ṣé ó dára?"

Ẹniayéwù gbé èjìká. "Ó lẹ́wà."

Ní ọjọ́ kejì, àga Ẹniayéwù ṣófo.

Ìbídùnní pe orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì nínú ìwé ìpè, bí ẹni pé ọmọ lè jáde láti inú ìwé. Ife rẹ̀ wà lójú fèrèsé pẹ̀lú ẹ̀wà méjì tó kù nínú rẹ̀, ọ̀kan ti la ewé. Níta, afẹ́fẹ́ ń fọn lára wáyà ọkọ̀ okùn, tó máa ń gbé èèyàn láti orí òkè dé ìsàlẹ̀, àwọn ọkọ̀ náà kò sì rìn.

Ọ̀gá Adéwùsì wọlé kí agogo mẹ́wàá tó lù. Ó wo àga náà, ó wo iná pupa, ó wo okùn tó ṣẹ́kù lórí tábìlì.

"Kí nìyí?"

"Mo fi ránṣẹ́ sí Màmá Àwẹ̀ró lánàá, sà. Mo so ohun tí a ṣe ní kíláàsì mọ́ ọn. Mo sì fi owó ẹyọ méjì kí wọn."

"Owó ẹyọ. Báwo lo ṣe so wọ́n?"

Ó fi ìka rẹ̀ méjì hàn án, èékánná síta, inú ìka méjèèjì lẹ̀ mọ́ ara wọn. "Báyìí. Ẹ̀yìn ti ẹ̀yìn, kí ojú wọn lè wà níta."

Ọ̀gá Adéwùsì jókòó sórí àga ọmọdé tó sún mọ́ ọn jù, orúnkún rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n rẹ̀.

"Ìbídùnní," ló ní, "ìyá mi so irú rẹ̀ ránṣẹ́ sí àbúrò rẹ̀ ọkùnrin nígbà kan. Ọdún mọ́kànlá ni wọn ò fi fojú kan ara wọn."

"Kí ló ń sọ, sà?"

"Ó ń sọ pé, mo kọ ẹ̀yìn sí ọ, kí ìwọ náà kọ ẹ̀yìn sí mi. Má ṣe wá sọ́dọ̀ mi mọ́, èmi náà ò ní wá sọ́dọ̀ rẹ. Ojú kojú ni wọ́n fi ń kí èèyàn."

"Mo kàn kí wọn ni."

"O kí wọn dáadáa. Wọ́n ti gbà, wọ́n sì ti mú ọmọ wọn dúró sílé." Ó fi ọwọ́ pa ojú rẹ̀. Nígbà tó gbé ọwọ́ kúrò, ojú náà ti yí padà. "Dúró ná. Ẹni tí Etí-Ilé wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, kí ló dé tí o fi ń so okùn sí i?"

Ìbídùnní la ẹnu.

"Má dá mi lóhùn," ni Ọ̀gá Adéwùsì wí kíákíá. "Bí o bá dá mi lóhùn, mo ti mọ̀. Bí mo bá sì mọ̀, mo gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ kí n tó jẹun ọ̀sán." Ó dìde, ó mú ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ rẹ̀. "Èmi á kọ́ wọn ní ìṣirò. Ọkọ̀ okùn ò ní rìn títí di ìrọ̀lẹ́, ẹsẹ̀ rẹ lo máa fi sọ̀kalẹ̀. Mú agbòjò mi dání. Kì í ṣe nítorí òjò, àtẹ̀gùn yẹn ń yọ̀."

Àtẹ̀gùn ẹgbẹ̀rún kan ó lé díẹ̀ ló wà láàárín iléèwé àti ìsàlẹ̀ òkè. Ìbídùnní sọ̀ ọ́ tán, ó bá ilẹ̀kùn ojúlé kẹrìnlélógún ní títì pa. Obìnrin kan tó ń sá ẹ̀gẹ́ ní ojúlé tó tẹ̀ lé e ní Màmá Àwẹ̀ró àti ọmọ ti lọ gé ewé ẹní létí odò.

"Ìgbà wo ni wọ́n máa dé?"

"Nígbà tí ewé bá pọ̀ tó," ni obìnrin náà dá a lóhùn. "Ẹ̀yin ni tíṣà yẹn? Wọ́n ní ẹ bá wọn jà."

"N ò bá wọn jà, ẹ jọ̀ọ́."

"Ẹ jókòó, ẹ mu omi. Ìjà tí ẹnì kan ò mọ̀ sí máa ń yára parí."

Ó jókòó lẹ́nu ọ̀nà ojúlé kẹrìnlélógún, lábẹ́ Etí-Ilé tó ń fi ojú pupa rẹ̀ wò ó. Oòrùn kúrò lókè orí, ó bọ́ sí èjìká òkè, ó ń sọ̀kalẹ̀ lọ. Ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwọ̀n ìka tó kù láàárín oòrùn àti ilẹ̀ nígbà tó rí wọn, ìyá arúgbó kan tó gùn tó sì tín-ín-rín, ẹrù ewé lórí rẹ̀, àti Ẹniayéwù lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú ẹrù kékeré tirẹ̀.

Ìbídùnní kúnlẹ̀. "Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá."

Màmá Àwẹ̀ró wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. Ó sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀. Ó gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ wá síwájú ẹní tó ń hun lọ́wọ́, ó kọ ẹ̀yìn sí àlejò, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í hun ẹní.

Ó yé Ìbídùnní pé wọ́n ti ń dá a lóhùn. Èsì àrokò rẹ̀ gan-an ni ẹ̀yìn tí ìyá náà kọ sí i yìí.

"Okùn náà dà?" ló bi Ẹniayéwù.

"Ó wà lára igi lẹ́yìnkùlé. Màmá ní kò gbọdọ̀ wọlé."

"Lọ mú un wá fún mi."

Nígbà tí okùn náà dé, Ìbídùnní fi eyín tú kókó orí rẹ̀. Ó yí owó ẹyọ méjèèjì padà títí ẹnu wọn fi kan ara wọn, ó so wọ́n le. Ó wá fi orúnkún rìn yí ìyá náà ká, lórí iyẹ̀pẹ̀, títí ó fi dé iwájú rẹ̀, ó sì gbé okùn náà lé e lọ́wọ́.

Ọwọ́ Màmá Àwẹ̀ró dúró lórí ẹní. Àtàǹpàkò rẹ̀ wá owó ẹyọ méjèèjì kàn, ó wá ibi tí ẹnu wọn ti pàdé, ó tún wá a lẹ́ẹ̀kan sí i. Lẹ́yìn náà ló sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ sì rinlẹ̀ bí ti ẹni tó ń pe ọkọ̀ láti òdìkejì odò.

"Ta ló kọ́ ọ ní okùn síso?"

Ìbídùnní fi ìka kan àyà ara rẹ̀.

"Ó hàn," ni Màmá Àwẹ̀ró wí. "Mi ò sùn lánàá. Mo ní kí ni mo ṣe fún tíṣà tí mi ò rí rí? Mo ní bóyá ẹja tí mo fi rán ọmọ sí i ló legun." Ó fọwọ́ gbá a ní èjìká, kò rọra gbá a. "O kéré. Mo rò pé o máa nírùngbọ̀n."

Ẹniayéwù ti bú sẹ́rìn-ín. Ìbídùnní náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n oòrùn kò ju ìka méjì lọ sílẹ̀ mọ́. Ó fi ọwọ́ bẹ ìyá náà pé kó ka ìyókù.

Màmá Àwẹ̀ró kà á bí ẹni tó ń jẹ eegun ẹja, díẹ̀díẹ̀, kò fi nǹkan kan sílẹ̀. "Ẹ̀wà. Ẹ gbìn ín, ó hù. Inú òwú kẹ̀, ilẹ̀ ti tán ni?" Ó kan àwọn kókó. "Mẹ́rin, mẹ́rin, mẹ́rin. Méjìlá. O ta kókó keje yẹn dẹ̀." Ó dé orí ilé páálí àti ìlẹ̀kẹ̀ búlúù, ó sì ń fi ìka yí ìlẹ̀kẹ̀ náà. "Omi lẹ́nu ilẹ̀kùn. O fẹ́ kí n sọ bó ṣe dé."

Kò dúró de ìdáhùn. Ó fa okùn ewé kan yọ nínú ẹrù rẹ̀, ó ta kókó kan, ó fi àyè gígùn sílẹ̀ kó tó ta èkejì. Àyè tó tẹ̀lé e kúrú díẹ̀. Èyí tó tẹ̀lé e tún kúrú sí i. Ìbídùnní ń wò ó, ó sì rí omi náà tó ń bọ̀ lọ́dọọdún, tó ń sún mọ́lé, títí àwọn kókó náà fi gun ara wọn lórí. Màmá Àwẹ̀ró wọlé, ó mú ìṣó kan tó ti dípẹtà jáde, ó so ó sí òpin.

"Ìṣó ilẹ̀kùn wa ni. Òun nìkan ló bá mi gun òkè."

Ẹniayéwù ká okùn náà mọ́ ọwọ́ rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Kò tíì gbọ́ ìtàn ìṣó náà rí.

"Èmi náà ní ìbéèrè," ni Màmá Àwẹ̀ró wí. Ó ki ọwọ́ bọ àpò ọmọ náà, ó sì mú pẹ́ńsù tó ti di ìgbálẹ̀ jáde, ó nà án sí Ìbídùnní. "Ta ló ń dẹ́rù ba ọmọ mi ní iléèwé? Oúnjẹ ni mo kọ́ ọ kó máa jẹ, kì í ṣe igi."

Ìbídùnní wo ọmọ náà. Ọmọ náà wo ilẹ̀.

"Ẹniayéwù, Màmá ò mọ ohun tí iná pupa yẹn ń sọ?"

Ọmọ náà mi orí. "Mo ní bí wọ́n ṣe kun ún nìyẹn."

"Sọ fún wọn. Ọwọ́ tìrẹ ló yé wọn, tèmi ò tíì tó."

Ọmọ náà gbé ọwọ́ sókè. Ó tọ́ka sí iná náà. Ó na ìka méje. Ó fi ọwọ́ ṣe oòrùn tó ń wọ̀, ó ṣe ọkọ̀ tó ń bọ̀. Nígbà tó kù kó sọ ẹni tí ọkọ̀ náà máa gbé, ó kàn di aṣọ ìyá rẹ̀ àgbà mú, kò ṣe nǹkan mìíràn mọ́.

Màmá Àwẹ̀ró dìde. Ó lọ dúró níwájú àpótí náà, ó fi ojú sún mọ́ ọn. "Ìwọ ni o fẹ́ gba ọmọ lọ́wọ́ mi, tí mo ń nù ọ́ láàárọ̀ láàárọ̀?" Ó fa ara ró. "Gbọ́. Ọmọ mi gbin ẹ̀wà sínú òwú, ó hù. Ó ka mẹ́rin lọ́nà mẹ́ta, ó jẹ́ méjìlá. Ìbéèrè mi rèé: kí ló ń dẹ́rù bà á tó fi ń jẹ pẹ́ńsù?"

Iná náà ṣẹ́jú. "Ẹ ṣé, àgbà ilé," ni Etí-Ilé wí. "Ilé yìí ti pẹ́ kó tó dáhùn, mo sì nílò ẹlẹ́rìí. Tíṣà, ẹ gbé ọwọ́ lé mi."

Ìbídùnní gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e. Ó tutù.

"Ṣé àgbà ilé fetí gbọ́ ìròyìn mi?"

Ìbéèrè tó ń sá fún láti àárọ̀ nìyẹn. Ó lè sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kí ọwọ́ rẹ̀ làágùn. Ó lè sọ òótọ́, kí ó sì da ọmọ tó ní kó má sọ. Ó wẹ̀yìn wo Ẹniayéwù, ó gbé ọwọ́ kejì sókè, ó fi bi í léèrè. Ọmọ náà ṣì di aṣọ ìyá rẹ̀ àgbà mú. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ó mi orí sílẹ̀ pé kó sọ ọ́.

"Rárá," ni Ìbídùnní wí. "Etí wọn dí."

"Ṣé ìròyìn dé ilé yìí?"

"Ó dé."

"Kí ló gbé e dé?"

"Okùn ni. Mo so ó, ọmọ gbé e wálé, Màmá kà á."

Ọwọ́ rẹ̀ gbẹ. Ó mọ̀ ọ́n lára pé ó gbẹ. Iná náà kúrò ní pupa, ó di àwọ̀ òféèfé bí ojú ọ̀run, irú èyí tí kò rí lára ẹ̀rọ kankan rí.

"Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀," ni Etí-Ilé wí, ohùn rẹ̀ sì lọ́ra. "N ò ní ibi tí mo lè kọ ọ́ sí. Mo ń bi àwọn tó ṣe mí. Ẹ dúró."

Wọ́n dúró. Obìnrin tó ń sá ẹ̀gẹ́ ti fi ẹ̀gẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó wá dúró pẹ̀lú wọn. Oòrùn fi ìdí kan ilẹ̀.

"Wọ́n ní kí n bèèrè: ta ni yóò máa so okùn náà?"

"Èmi ni."

"Lójoojúmọ́?"

Ìbídùnní ronú nípa ìwé tí kò tíì máàkì, nípa àtẹ̀gùn ẹgbẹ̀rún, nípa kókó keje tó dẹ̀. "Lójoojúmọ́. Títí ọmọ yìí yóò fi jáde ìwé mẹ́fà. Ọmọ ni yóò máa gbé e, èmi ni màá máa so ó. Bí ilé mìíràn bá wà tí etí ti dí, kí wọ́n sọ fún mi, màá so tiwọn náà."

Ọwọ́ rẹ̀ ṣì gbẹ.

"Mo ti ṣí ojú ìwé tuntun," ni Etí-Ilé wí. "Ilé mẹ́rìnlá wà lórí òkè yìí tí mo fẹ́ bi léèrè bóyá okùn ni wọ́n ń fẹ́."

Iná náà tutù bí ewé.

Màmá Àwẹ̀ró fi ìka kàn án. "Wọ́n ti tún un kùn," ló pariwo, nígbà tí Ẹniayéwù sì fi ọwọ́ sọ òtítọ́ rẹ̀ fún un, ó jókòó sórí ẹrù ewé, ó sì fi ìdí aṣọ nu ojú.

Afẹ́fẹ́ ti rọlẹ̀ nígbà tí Ìbídùnní wọ ọkọ̀ okùn àkọ́kọ́ tó gòkè, agbòjò Ọ̀gá Adéwùsì lábẹ́ apá rẹ̀. Nígbà tó ń dágbére ni ìyá náà ti ki nǹkan kan bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ó ṣí i nísinsìnyí. Owó ẹyọ rẹ̀ méjèèjì ni, ojú kojú, wọ́n ti tún kókó wọn ta bó ṣe yẹ. Kò sí nǹkan mìíràn lára okùn náà. Ó kàn gùn, ó gùn dé itan rẹ̀, ó bọ́ sílẹ̀ kan bàtà rẹ̀, ó ṣófo láti òkè dé ìsàlẹ̀.

Ó ronú nípa ìyẹn títí ọkọ̀ fi dé ìdajì òkè, kó tó yé e pé òun ni wọ́n fi àyè náà sílẹ̀ fún. Ó wá ki ọwọ́ bọ àpò, ó mú ìdí pẹ́ńsù tí Ẹniayéwù ti jẹ, èyí tó gbàgbé láti dá padà, ó sì so ó mọ́ ọn fún ọ̀la, pẹ̀lú kókó tó le.